Ṣé kí ẹgbẹ́ fi ìyàn ìpele kejì gba quarterback ọ̀dọ́ tí ẹlòmíràn ti fẹ́ tà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ NFL (líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà) tí mo ti ń tẹ̀lé láti ìgbà tí mo dé Amẹ́ríkà kò ní quarterback gidi, ẹni tó ń darí ìkọlù, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù. Ìròyìn ń lọ pé wọ́n fẹ́ fi ìyàn ìpele kejì nínú draft ọdún tó ń bọ̀ gba ọmọ ọdún 23 kan. Ìpele kìíní ni wọ́n ti mú ọmọ náà, ó ti lo sáà mẹ́ta, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ní kí wọ́n gbà á, torí ọmọdé ṣì ni, ó ṣì lè dára. Àbúrò mi ní òfo ni wọ́n fẹ́ rà. Ẹ bá wa dá sí i.

Ìdáhùn: Mo wà lẹ́yìn àbúrò yín lórí iye tí wọ́n fẹ́ san, mo sì wà lẹ́yìn yín lórí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 23 tó kọsẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lè di quarterback gidi; ojú gbogbo wa ló ṣe é. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó san owó ńlá láti gbà á lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ kọ́ ló sábà máa ń jẹ èrè rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹgbẹ́ kẹta tàbí ẹ̀kẹrin ló ń jẹ ẹ́, láìsan ìyàn kankan.

Fún àwọn òǹkàwé tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀: NFL kì í fi owó ra eléré láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì bí wọ́n ti ń ṣe ní Yúróòpù. Ìyàn draft, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti mú ọ̀dọ́ eléré tó ń bọ̀ láti yunifásítì lọ́dọọdún, ni wọ́n fi ń náwó. Ẹgbẹ́ 32 ló wà, ìpele draft méje, ẹgbẹ́ tí sáà rẹ̀ burú jù lọ ló sì ń kọ́kọ́ mú ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ba ọjà tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ jù.

Sam Darnold ni. Kò sí ọ̀ràn tó jọ tiyín jù ú lọ. New York Jets mú un ní ipò kẹta nínú draft ọdún 2018. Ní sáà mẹ́ta ó ju bọ́ọ̀lù 45 tó di touchdown (àmì ayò), àwọn alátakò sì já bọ́ọ̀lù 39 gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú eré 38 tó bẹ̀rẹ̀, 13 péré ni Jets borí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ọmọ ọdún 23 ni, Carolina Panthers gbà á. Wọ́n fi ìyàn ìpele kẹfà ọdún 2021 sílẹ̀, wọ́n sì fi ìpele kejì àti ìpele kẹrin ọdún 2022 lé e.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó pé oṣù kan, kí Darnold tó ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nínú eré fún wọn, Carolina fọwọ́ sí ọdún karùn-ún nínú àdéhùn rẹ̀: mílíọ̀nù dọ́là 18.858 fún ọdún 2022, owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ san bó ṣeré, bí kò ṣeré. Nínú draft oṣù yẹn kan náà, wọ́n ní ipò kẹjọ, àwọn quarterback Justin Fields àti Mac Jones sì wà nílẹ̀. Wọ́n mú Jaycee Horn, agbèjà ẹ̀yìn tó dára gan-an, torí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ quarterback ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń san mílíọ̀nù méje nínú owó Teddy Bridgewater, quarterback wọn tẹ́lẹ̀, kó lè máa gbá bọ́ọ̀lù fún Denver.

Eré mẹ́ta àkọ́kọ́ sáà náà, wọ́n borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní eré kẹta ni Christian McCaffrey, ẹni tí gbogbo ìkọlù wọn rọ̀ mọ́, farapa. Láti ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dojú rú. Darnold farapa ní èjìká ọ̀tún tó fi ń ju bọ́ọ̀lù, wọ́n lọ pe Cam Newton, quarterback wọn àtijọ́, padà ní oṣù Kọkànlá, wọ́n lé Joe Brady tó ń ṣètò ìkọlù kúrò ní oṣù Kejìlá. Touchdown mẹ́sàn-án ni Darnold jù, wọ́n já 13 gbà. Eré márùn-ún ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 12.

Ibi tí ó ti dùn wọ́n jù kò sí lórí pápá. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìpààrọ̀, ìyàn ìpele kejì ọdún 2022 dà bí ohun tó ṣì jìnnà. Àmọ́ torí pé sáà wọn burú, ìyàn náà bọ́ sí ipò 38. Jets fi í gòkè díẹ̀ sí ipò 36, wọ́n sì mú Breece Hall. Carolina fúnra wọn, lẹ́yìn tí wọ́n mú ẹnì kan ní ipò kẹfà, kò ní ìyàn kankan mọ́ títí dé ipò 137. Wọ́n ti ta ìyàn ìpele kẹta wọn náà fún ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ tó nílò ènìyàn káàkiri jókòó wo 87 ọmọkùnrin tí wọ́n mú lójú wọn, kí wọ́n tó fi ipò 137 àti ìpele kẹta ọdún 2023 gòkè sí ipò 94. Ẹgbẹ́ tí kò ní quarterback sábà jẹ́ ẹgbẹ́ tí yóò pàdánù. Nítorí náà, ìyàn ọdún tó ń bọ̀ tó bá ti ọwọ́ irú wọn jáde máa ń wọ́n ju bí wọ́n ṣe díye lé e lọ. Tiyín náà á rí bẹ́ẹ̀ bí ọmọ yìí kò bá yí ẹgbẹ́ náà padà ní sáà kan péré.

Ó tún ń bá a lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2022 Carolina gba quarterback mìíràn, Baker Mayfield, lọ́wọ́ Cleveland, òun náà lórí mílíọ̀nù 18.858 ọdún karùn-ún kan náà. Níbẹ̀ wọ́n ti gbọ́n díẹ̀: ìpele karùn-ún ọdún 2024 tó lè di ìkẹrin ni wọ́n san, Cleveland sì gbé mílíọ̀nù 10.5 nínú owó náà. Síbẹ̀ wọ́n tú Mayfield sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n fún Chicago ní ipò kẹsàn-án, ipò 61, ìpele kìíní ọdún 2024, ìpele kejì ọdún 2025, àti DJ Moore, kí wọ́n lè mú quarterback Bryce Young ní ipò kìíní. Ìpele kìíní ọdún 2024 yẹn di ipò kìíní gan-an, Chicago sì fi mú quarterback tuntun, Caleb Williams. Bí Fields tí Carolina fò ní 2021 ṣe di ẹni títà ní Chicago nìyẹn.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ Pittsburgh, àwọn tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yín wò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Steelers gba Fields, ẹni tí wọ́n mú ní ipò 11 ní 2021, fún ìyàn ìpele kẹfà ọdún 2025. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí Fields bá wà lórí pápá fún ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún eré ìkọlù ẹgbẹ́ ní sáà náà, ìyàn náà á di ìpele kẹrin. Wọn kò fọwọ́ sí ọdún karùn-ún rẹ̀, èyí tí ìbá gbé owó rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù 25. Russell Wilson, quarterback tí wọ́n fẹ́ lò, farapa, Fields bẹ̀rẹ̀ eré mẹ́fà, wọ́n borí nínú mẹ́rin, touchdown márùn-ún ló jù, márùn-ún ló fi ẹsẹ̀ gbé wọlé, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n já gbà. Wilson padà wá gba ipò náà. Ìdá 51 kò pé, ìpele kẹfà ni wọ́n san. Nígbà tí sáà parí, Fields bá Jets lọ lórí àdéhùn ọdún méjì àti mílíọ̀nù 40. (Ọmọ wa Olúmúyìwá Fashanu, tí wọ́n mú ní ipò 11 ní 2024, ni left tackle níbẹ̀ nígbà náà, ẹni tó ń dáàbò bo quarterback láti apá òsì.) Pittsburgh rí eré mẹ́fà tó wúlò gbà, wọ́n sì rí ọmọ náà wò lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko. Bí Fields bá ti di àràbà, wọn ì bá ti san owó ńlá fún un lẹ́yìn tí ojú wọn ti rí i. Mi ò rí àléébù kankan nínú ọjà yẹn.

Nínú àtẹ iye tí Jimmy Johnson ṣe ní Dallas ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fi ń ṣírò ìyàn, ipò kìíní jẹ́ 3,000, ipò 38 jẹ́ 520, ìyàn ìpele kẹfà kò sì tó 30. Ìlọ́po tó ju 15 lọ ló wà láàárín ohun tí Carolina san àti ohun tí Pittsburgh san, fún ọmọ méjì tí ìtàn wọn jọra.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń sanjù? Ipò tí wọ́n ti mú ọmọ náà ni. Gbogbo ènìyàn ṣì ń rí “ipò kẹta” lórí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò tòkunbọ̀ kì í béèrè iye tí ẹni àkọ́kọ́ rà á. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbọ́. San Francisco fi ìyàn ìpele kìíní mẹ́ta àti ìpele kẹta kan gòkè láti mú Trey Lance ní ipò kẹta ní 2021. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìpele kẹrin ni Dallas fi gbà á. Zach Wilson, ipò kejì nínú draft kan náà, lọ sí Denver fún pàṣípààrọ̀ ìpele kẹfà sí ìkeje, Jets sì ń san apá kan owó rẹ̀. Mac Jones, ipò 15, lọ sí Jacksonville fún ìpele kẹfà. Ọjà ti kọ́gbọ́n láti ìgbà Darnold. Ẹgbẹ́ tó bá ṣì ń pe ìpele kejì fún ẹni tó ti lo sáà mẹ́ta ń wá ẹni tí kò mọ iye ọjà.

Àdéhùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó wo fídíò. Láti ọdún 2011, ọmọ ìpele kìíní ń buwọ́ lu àdéhùn ọdún mẹ́rin tí owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀, ẹgbẹ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ọdún karùn-ún. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún lẹ́yìn sáà kẹta ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, lábẹ́ àdéhùn ọdún 2020 sì ni owó náà ti di dandan gbàrà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i. Owó ìbuwọ́lùwé ńlá tó ti gbà ń dúró sórí ẹgbẹ́ tó tà á. Owó oṣù ni ẹgbẹ́ tuntun ń san. Ìyẹn ló fi ń dà bí ẹni pé wọ́n rí i gbà ní pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ ń sọ yìí ti lo sáà mẹ́ta. Ọdún pọ́ọ́kú kan ṣoṣo ló kù. Ìyàn ìpele kejì tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ jẹ́ ẹlòmíràn tí yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin pẹ̀lú owó kékeré. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń fi ra ọdún kan. Bí ọmọ náà bá dára, wọ́n á tún san owó gidi fún un ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá dára, ó ń lọ. Ọ̀nà méjèèjì ló ṣòro láti fi jèrè.

Ọ̀nà àárín wà fún ọdún karùn-ún. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, dípò kí Green Bay fọwọ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 fún Jordan Love, ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ eré kan ṣoṣo ní sáà mẹ́ta, wọ́n fi ọdún kan kún àdéhùn rẹ̀: mílíọ̀nù 13.5 ló dájú, ó sì lè dé 22.5 bí ó bá ṣe dáadáa. Lẹ́yìn sáà kẹta ni òfin ti gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ láàyè, nítorí náà wọ́n lè gbé e síwájú ọmọ tiyín kí ìpààrọ̀ tó ṣẹ́.

Ní ti fídíò, ẹ má wo touchdown àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n já gbà. Ẹ ya ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà tí wọ́n ń lé e. Bí kò bá lè ju bọ́ọ̀lù tó jìnnà ní yàádì 10 sí 20 bó ṣe yẹ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀, kóòṣì tuntun kò ní wò ó sàn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìgbà tí ìlépa di ìgbéṣubú. Nǹkan bí ìkan nínú márùn-ún ni ti quarterback tó wà déédéé. Bó bá ti ń lọ sí ìkan nínú mẹ́rin, òun fúnra rẹ̀ ló ń di bọ́ọ̀lù mú pẹ́, ẹ má di ẹ̀bi náà ru àwọn tó ń dáàbò bò ó nìkan. Ẹni tí bọ́ọ̀lù kì í sábà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè sáré bíi Fields kó tó lè rí ọ̀nà lọ. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ iye olùṣètò ìkọlù tó ti bá ṣiṣẹ́. Ọmọ tó kọ́ ìwé eré tuntun ní ọdọọdún lè máà tíì fi ohun tó mọ̀ hàn. Èyí jẹ́ ìdí láti ní sùúrù fún un, kì í ṣe ìdí láti sanjù.

Kí wọ́n wá bi ara wọn pé: báwo ni ọ̀bọ ṣe ṣe orí tí ìnàkí kò ṣe? Kí ni ẹgbẹ́ tiwọn ní tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kò ní? Darnold dára nígbà tó dé Minnesota ní 2024: mílíọ̀nù 10 fún ọdún kan, kò sí ìyàn tí wọ́n san. Ó bá kóòṣì Kevin O’Connell, ẹni tó mọ bí a ti ń kọ́ quarterback, ó bá Justin Jefferson àti Jordan Addison tí wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù. Nígbà tí left tackle wọn, Christian Darrisaw, farapa ní oṣù Kẹwàá, wọ́n yára lọ gba Cam Robinson lọ́wọ́ Jacksonville. Ó ju touchdown 35, wọ́n borí nínú eré 14, lẹ́yìn náà Seattle fún un ní ọdún mẹ́ta àti mílíọ̀nù 100.5. Mayfield náà, Tampa Bay gbà á ní 2023 fún mílíọ̀nù mẹ́rin, ó ju touchdown 28, ó sì gba mílíọ̀nù 100 fún ọdún mẹ́ta ní 2024. Àwọn méjèèjì yìí ni Carolina sanwó lé lórí tí kò rí lò. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá tíì ní left tackle, tí ìjókòó kóòṣì sì ń mì, kí wọ́n fi ìyàn ìpele kejì náà mú ẹni tí yóò dáàbò bo quarterback tó ń bọ̀, ẹni yòówù kó jẹ́.

Ìgbà kan wà tí mo lè gbà kí wọ́n san iye ńlá. Ní 1991, Ron Wolf wà ní Jets, ó sì fẹ́ràn Brett Favre gidigidi; Jets fẹ́ mú un ní ipò 34, Atlanta mú un ní ipò 33. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin ni Favre jù nínú sáà náà, ìkankan kò dé ọwọ́ ẹni tirẹ̀, wọ́n já méjì gbà. Wolf di ọ̀gá ní Green Bay, ó sì fi ìyàn ìpele kìíní gbà á ní 1992. Kì í ṣe eré Atlanta ló rà. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti rí kí draft tó dé ló rà, ọdún pọ́ọ́kú sì ṣì kù. Bí ọ̀gá ẹgbẹ́ yín bá ti kọ ọmọ yìí sí òkè ìwé rẹ̀ ní ọdún tí wọ́n mú un, tí ẹnì kan níbẹ̀ sì ti bá a ṣiṣẹ́ rí, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Àní nígbà náà, ìpele kẹta ni mo lè dé.

Ohun tí mo máa gbé sórí tábìlì nìyí: ìpele karùn-ún tàbí ìkẹfà, tó lè gòkè sí ìkẹta bí ó bá ṣe ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún eré sáà náà, tí ẹgbẹ́ sì dé ìdíje àṣekágbá. Kí ẹni tó ń tà á gbé ìdajì owó oṣù. Kí wọ́n ṣe é ní oṣù Kẹta, kó lè kọ́ ìwé eré láti ìgbà ìdánrawò oṣù Kẹrin. Mayfield dé Carolina ní oṣù Keje, ìyẹn kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Ẹni tó ń tà lè fẹ́ dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó dín iye rẹ̀ kù. Kí dókítà ẹgbẹ́ wo èjìká àti orúnkún kí ìpààrọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ dúró. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí ọdún karùn-ún, sáà kan péré ló kù kí ó di òmìnira, ẹ ó sì fi owó nìkan gbà á bí Minnesota ṣe gba Darnold.

Bí wọ́n bá sì gbà á, kí wọ́n má torí ẹ̀ yẹra fún mímú ẹlòmíràn. Miami fi ìyàn ipò 62 àti ìpele karùn-ún kan gba Josh Rosen lọ́wọ́ Arizona ní 2019. Ó bẹ̀rẹ̀ eré mẹ́ta, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjà náà kò dára, àmọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà fún ọdún mẹ́ta ló kù nínú àdéhùn rẹ̀, kò sì dí wọn lọ́wọ́: ní 2020 wọ́n mú Tua Tagovailoa ní ipò karùn-ún, wọ́n tú Rosen sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, iṣẹ́ sì ń lọ.